Bíìlì Ojúgun Tó Ṣẹ́: Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó San Án

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ. Síbẹ̀, bóyá ni ìdílé kan wà nínú wa, ní Òṣogbo o, ní Iléṣà o, ní Òṣú tàbí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí kò mọ ẹnì kan tí ọ̀kadà ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ rí. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, a mọ ohun tí a máa ń ṣe. A ó lọ kí i, a ó gbàdúrà, a ó ki owó díẹ̀ bọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun kan wà tí a kì í bèèrè, ìyẹn ni ìwé tí ọsibítù kọ fún wọn. Bíìlì ni mo ń wí.

Mo fẹ́ kí á jókòó ti bíìlì yẹn, ti ojúgun tó ṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ tò. Òótọ́ ni pé ìbẹ̀rù ọ̀bẹ ń lé àwọn ènìyàn wa kúrò lọ́sibítù, ṣùgbọ́n iye owó tí wọ́n kàn pè lójijì láìsí àlàyé ń lé wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá á gbọ́ iye náà, á wo ilẹ̀, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa ṣú, wọ́n ti buwọ́ lùwé pé àwọn ń lọ, wọ́n ti tẹ́ ọmọ náà sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ilé baba tó ń to eegun. Bí ẹsẹ̀ náà bá wá dúdú níbẹ̀, ọsibítù yẹn kan náà ni wọ́n ó gbé e padà wá. Iṣẹ́ abẹ tí wọn ó sì ṣe fún un nígbà náà kì í ṣe ti títò mọ́. Gígé ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ eegun náà fúnra rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ojúgun yín níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ rí i pé kò sí ẹran lójú rẹ̀, awọ nìkan ló bò ó. Nítorí náà, bí ó bá ṣẹ́, ó rọrùn fún eegun láti gún awọ jáde. Eegun méjì ló wà níbẹ̀: èyí tó tóbi, tó ń gbé ara wa dúró, àti tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta. Púpọ̀ ìgbà, àwọn méjèèjì ló máa ń kán pọ̀. Ẹ rántí eegun kékeré yìí, nítorí a ó padà bá a nínú bíìlì.

Èyí tó kán sínú tí awọ kò là yàtọ̀ sí èyí tí awọ ti là. Èyí tí awọ ti là, kíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò, kí wọ́n sì gbé e wọ tíátà láti fọ ojú egbò náà dáadáa. Nígbà mìíràn wọn ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n tó fi irin kankan sí i. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to ojúgun kò ju mélòó kan lọ. Wọ́n lè fà á bọ̀ sípò kí wọ́n sì fi Pí-Ó-Pí dè é. Wọ́n lè ki irin gígùn kan láti ìsàlẹ̀ orúnkún gba inú mùdùnmúdùn eegun lọ sísàlẹ̀, kí wọ́n sì fi sikúrù dè é lókè àti nísàlẹ̀ kí ó má baà yí. Wọ́n lè fi irin pẹlẹbẹ lẹ eegun náà lára. Wọ́n sì lè de irin mọ́ ẹsẹ̀ náà láti ìta, pàápàá bí egbò bá pọ̀ lára rẹ̀. Ìkọ̀ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ tirẹ̀, ó sì ní iye tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ọmọ òun kò lè mọ̀ bóyá iye tí wọ́n pè tọ́ tàbí kò tọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ kóòdù ti wọlé. Àjọ WHO, tó ń rí sí ìlera ní gbogbo àgbáyé, ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní ICD, tí wọ́n fi fún gbogbo àìsàn àti ìfarapa ní kóòdù tirẹ̀. Nínú ẹ̀dà kẹwàá ìwé náà, S82 ni ti eegun tó kán láti orúnkún títí dé ọrùn ẹsẹ̀, S82.2 sì ni ti ọ̀pá ojúgun gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé orí eegun náà lókè, lẹ́bàá orúnkún, ló kán, ó di S82.1. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, S82.3 ni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún máa ń fi lẹ́tà kan kún un láti fi hàn bóyá awọ là tàbí kò là, àti bí egbò náà ṣe burú tó. Wọ́n sì ní ìwé kejì tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1966, CPT ni wọ́n ń pè é. Ti iṣẹ́ tí dókítà ṣe nìyẹn. Níbẹ̀, 27752 ni kí wọ́n fa ojúgun bọ̀ sípò láìla ara. 27758 ni ti irin pẹlẹbẹ. 27759 ni ti irin tí wọ́n kì bọ inú eegun.

Ẹ lè máa wí lọ́kàn pé, kí ló kan ìyá tó ń ta iṣu ní ọjà Iléṣà pẹ̀lú kóòdù Amẹ́ríkà? Ó kàn án lọ́nà méjì. Lọ́nà kìíní, ta ni a máa ń pè lórí fóònù bí ọsibítù bá ní kí a mú owó wá? Ọmọ wa tó wà ní Houston tàbí ní London ni. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọ náà yóò bi yín ni pé, irú iṣẹ́ abẹ wo ni? Bí ẹ bá ní "wọ́n ní wọ́n fẹ́ ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀", ẹ kò tíì dá a lóhùn. Lọ́nà kejì, ohun tí kóòdù yẹn kó sínú lè kọ́ wa ní bí a ṣe ń ka bíìlì tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọsibítù wa kì í kọ kóòdù kankan sórí ìwé tí wọ́n ń fún wa.

Ẹ wo 27759 yẹn. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ni pé, yálà eegun kékeré ẹ̀gbẹ́ ìta kán tàbí kò kán, iṣẹ́ kan náà ni. Yálà wọ́n fi sikúrù dè é tàbí wọn kò fi dè é, iṣẹ́ kan náà ni. Dókítà kò lè kọ owó irin inú eegun, kí ó tún kọ owó sikúrù dídè gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ abẹ mìíràn, kí ó tún wá kọ owó eegun kékeré tí kò fọwọ́ kàn. Lọ́dọ̀ Medicare, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, owó iṣẹ́ dókítà lórí irú iṣẹ́ abẹ yìí ti kó bíbẹ̀ ẹ́ wò fún 90 ọjọ́ mọ́ra. Bí aláìsàn bá padà wá kí dókítà tó ṣiṣẹ́ náà wo ojú egbò rẹ̀, kò gbọdọ̀ gba owó ìbẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò sọ pé òfin Amẹ́ríkà ló ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbogbo iṣẹ́ abẹ ló ní ohun tó kó sínú, ẹ sì lè bèèrè rẹ̀. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, iye tí ẹ pè yìí, ṣé irin wà nínú rẹ̀? Ṣé owó ẹni tó ń kun ènìyàn lóorun wà nínú rẹ̀? Bí a bá padà wá já òwú ojú egbò, ṣé a ó tún san nǹkan?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi. Ẹ bi wọ́n tẹ̀lẹ́tẹ̀lẹ́, ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan tó mọ̀wé nínú ẹbí máa kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ẹ má sì rò pé ní ilẹ̀ òyìnbó gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Pẹ̀lú gbogbo kóòdù wọn, ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún níbẹ̀ lè gba bíìlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti ọsibítù lọ́tọ̀, ti dókítà lọ́tọ̀, ti ẹni tó kùn ún lóorun lọ́tọ̀. Wàhálà náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òfin kan fi jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, pé kí ọsibítù kọ iye tí wọ́n rò pé yóò jẹ́ fún ẹni tí kò ní inṣọ́ránsì kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ náà. Bí bíìlì bá wá fi 400 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju iye tí wọ́n kọ, aláìsàn lè pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Bí wọ́n bá gbé ọmọ yín dé ọsibítù ńlá, ì báà jẹ́ Wesley Guild ní Iléṣà, ì báà jẹ́ ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti UNIOSUN ní Òṣogbo tí a mọ̀ sí ti LAUTECH tẹ́lẹ̀, owó náà kì í wá lẹ́ẹ̀kan. Káàdì ni yóò kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà fọ́tò X-ray, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, owó ìbùsùn, oògùn, òwú àti báńdéèjì. Lẹ́yìn èyí ni owó tíátà, owó dókítà, owó oorun, àti irin. Bí ó bá nílò ẹ̀jẹ̀, ìyẹn náà ń bẹ. Nígbà tí ẹ bá sì rò pé ó ti tán, igi ìtilẹ̀ tí yóò fi máa rìn kù, àti àwọn tó ń kọ́ ẹsẹ̀ náà láti tún máa rìn, àti X-ray mìíràn láti mọ̀ bóyá eegun ti ń so pọ̀. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni ojúgun sábà máa ń gbà kí ó tó so dáadáa. Ẹni tó bá ta ilẹ̀ rẹ̀ san owó iṣẹ́ abẹ láìfi nǹkan sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin yẹn, ààbọ̀ iṣẹ́ ló san owó rẹ̀.

Nínú gbogbo rẹ̀, irin ló máa ń dà wá láàmú jù. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú irin wọ̀nyí ti ń wá, nítorí náà iye rẹ̀ ń gòkè bí dọ́là bá ti ń gòkè. N kò ní pe iye kankan fún yín, nítorí èyí tí mo bá pè lónìí lè di irọ́ kí oṣù tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí èyí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, oníṣòwò kan níta ni yóò gbé irin náà wá, òun ni yóò sì gba owó rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ irin náà, gígùn rẹ̀ àti iye sikúrù tó bá a wá. Mo ti rí ìwé kan, ní ọsibítù kan tí n kò ní dárúkọ, tí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ jẹ́ "irin àti àwọn nǹkan mìíràn", tí iye rẹ̀ sì ju gbogbo ìyókù lọ. Kí ni "àwọn nǹkan mìíràn"? Kò sí ẹni tó lè sọ fún ìdílé náà. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ohun gidi ni wọ́n lò. Ìyẹn náà ló fi yẹ kí wọ́n kọ ọ́.

Ẹgbẹ́ kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Lewis Zirkle, ló dá a sílẹ̀ ní 1999 ní ìlú Richland ní ìpínlẹ̀ Washington, SIGN ni wọ́n ń pè é. Irin inú eegun ni wọ́n ń rọ, wọ́n sì rọ ọ́ lọ́nà tí dókítà fi lè lò ó níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ olówó ńlá tó ń ya fọ́tò eegun nínú tíátà. Wọ́n ń fi irin náà ta àwọn ọsibítù ní ilẹ̀ tálákà lọ́rẹ, ti ilẹ̀ Nàìjíríà wà lára wọn. Dókítà tó bá lò ó yóò fi X-ray àti ìròyìn iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí wọn, wọn yóò sì fi irin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi dókítà yín léèrè bóyá irin SIGN wà lọ́dọ̀ wọn. Tíátà kò ní tìtorí ẹ̀ di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n bí irin bá jẹ́ ti ọrẹ, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ẹ ń san owó fún gan-an.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, kí a má baà máa pe àwọn dókítà lólè. Àfikún wà tí kò ní èrú nínú. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ lè wú nínú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní rìn mọ́, tí ìrora rẹ̀ yóò ju ti eegun tó ṣẹ́ lọ. Dókítà gbọ́dọ̀ la ẹran náà lójú ẹsẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà kú, kò sì ní dúró de ìpàdé ẹbí. Iṣẹ́ abẹ mìíràn nìyẹn, owó tirẹ̀ sì ni. Egbò tí wọ́n tún fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, iṣẹ́ tuntun ni. Awọ tí wọ́n gé láti itan láti fi bo ojúgun, iṣẹ́ tuntun ni. Ohun tí ẹ ó bèèrè ni kí wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ náà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Ní ti àwọn baba tó ń to eegun, n kò jókòó níbí láti bú wọn. Eegun tó kán sínú, tí kò yẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló ti tò ó tó sì jinná. Wọ́n wà nítòsí, wọ́n ń gbọ́ èdè wa, wọ́n ń gba owó díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí ọsibítù kọ́ nǹkan lára ìyẹn. Ibi tí ewu wà ni ọparun tí wọ́n fi de ẹsẹ̀ tó wú, tí wọ́n fún un pinpin, tí ẹ̀jẹ̀ kò lè dé ìka mọ́. Bí ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tó kú tipiri, tàbí tó ń yí àwọ̀ padà, ẹ tú u, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Egbò tí eegun gún jáde kì í ṣe ti ilé wọn rárá.

Nísinsìnyí, ta ni yóò san án? A ti fi ọkàn sí i pé ẹbí àti ìjọ ni. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí òfin ti ní kí wọ́n san, tí a kì í sì bèèrè lọ́wọ́ wọn.

Bí ó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ni ẹni náà ti fara pa, òfin kan jáde ní 2010, Employees' Compensation Act, tó ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn sí àpò NSITF. Láti inú àpò yẹn ni ìtọ́jú ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ti ń wá. Òfin náà kò dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ o. Ó kan ẹni tí nǹkan ṣe lójú ọ̀nà láti ilé rẹ̀ sí ibi iṣẹ́ tàbí láti ibi iṣẹ́ sí ilé. Olùkọ́ tó gun ọ̀kadà láti Iléṣà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ẹ̀sà-Òkè kí ó ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń ba tirẹ̀ jẹ́ ni ìdákẹ́: láàárín ọjọ́ 14 ló yẹ kí ó fi tó agbanisíṣẹ́ létí, kí agbanisíṣẹ́ náà sì fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7.

Bí ọkọ̀ ló gbá a, ìwé inṣọ́ránsì tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwa ń rà á nítorí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, a ti gbàgbé pé ẹni tí ọkọ̀ bá gbá ló wà fún. Láti 2023 ni wọ́n ti sọ tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni di 15,000 náírà lọ́dún. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀, ẹ bèèrè orúkọ ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá kọ ìròyìn ìjàǹbá náà. A máa ń yanjú rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, onímọ́tò á san owó X-ray, á bẹ̀bẹ̀, a ó dárí jì í. Ìdáríjì dára. Ẹ dárí ji onímọ́tò, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì rẹ̀ kò ṣẹ̀ yín, kò sì bẹ̀ yín.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ wà nínú ètò inṣọ́ránsì ìlera, èyí tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2005 tàbí ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa, kóòdù mìíràn tún ń dúró dè yín. Kí ọsibítù ńlá tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe ti kánjúkánjú fún yín, ẹni tó ń bójú tó inṣọ́ránsì yín gbọ́dọ̀ fún wọn ní kóòdù ìyọ̀ǹda. Ibí ni orúkọ iṣẹ́ abẹ ti ń ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ ti Pí-Ó-Pí ni wọ́n gba kóòdù fún, tí dókítà wá rí i pé irin ló yẹ, kí wọ́n gba kóòdù tuntun kí wọ́n tó wọ tíátà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀yin ni wọn yóò dojú bíìlì kọ. Kí ẹ sì bèèrè bóyá irin fúnra rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń san. Láti 2022 ni òfin NHIA ti sọ inṣọ́ránsì ìlera di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà, ó sì ní kí wọ́n dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní lọ́wọ́. Ẹ̀yin alágbàṣe, ẹ̀yin oníṣọ̀nà, ẹ lọ bèèrè bí ẹ ṣe lè wọ ètò náà nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì le.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ òfin kan ju gbogbo èyí lọ. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè, National Health Act, tí ààrẹ buwọ́ lù ní 2014. Abala 20 rẹ̀ sọ pé ọsibítù tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ ti kánjúkánjú, ohun yòówù tí ì báà fà á. Ẹni tó bá rú u, 100,000 náírà ni ìtanràn rẹ̀, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Ojúgun tí eegun rẹ̀ yọ síta, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, kánjúkánjú ni. Wọn kò gbọdọ̀ ní kí ẹ lọ mú owó wá kí wọ́n tó dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Abala 23 ló kan bíìlì tààrà. Ó ní kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ fún un irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní ìkọ̀ọ̀kan, ewu rẹ̀ àti iye tó máa ń ná ènìyàn, kí ó sì sọ ọ́ ní èdè tí aláìsàn gbọ́ níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ gbọ́ bí ó ti wí? Ní èdè tí ẹ gbọ́. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ ju Ìjẹ̀ṣà lọ ní ẹ̀tọ́ sí i pé kí wọ́n sọ fún un ní Yorùbá ìdí tí irin fi wọ́n ju Pí-Ó-Pí lọ. Ní 2018 pẹ̀lú, ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn jáde, bíìlì tó hàn kedere sì wà lára ẹ̀tọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Àwọn kan yóò bi mí nípa ẹni tó ti jinná tí wọn kò jẹ́ kí ó lọ ilé nítorí owó tó kù. Gbèsè ni gbèsè, ó sì yẹ kí a san án. Ṣùgbọ́n abala 35 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ti sọ àwọn ìdí tí a fi lè dá ènìyàn dúró, gbèsè ọsibítù kò sí lára wọn. Kí ó tó di ìjà, ẹ bèèrè ọ́fíìsì Medical Social Services. Púpọ̀ nínú ọsibítù ńlá ló ní in. Àwọn ló ń yẹ ọ̀ràn aláìní wò, tí wọ́n sì lè bá a bẹ̀bẹ̀ fún ìdínkù tàbí sísan díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí gbèsè bá ti wọni lọ́rùn ni a sábà máa ń wá wọn. Ọjọ́ kejì tí ẹ dé ni kí ẹ ti lọ.

Ìjọ náà ńkọ́? A fẹ́ràn ìtàn ará Samáríà yẹn, a sì máa ń tẹnu mọ́ òróró àti wáìnì tó dà sójú ọgbẹ́. Ẹ wo ohun tó ṣe ní ọjọ́ kejì. Ó bá onílé èrò sọ̀rọ̀ owó. Ó san èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣe àdéhùn pé bí iye náà bá lé, òun yóò san ìyókù nígbà tí òun bá padà. Ẹni tó fara pa kọ́ ló jókòó ti bíìlì, ẹni tí ara rẹ̀ le ni. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ̀ka àánú wa ṣe nìyẹn. Kí a yan ẹni méjì, ọ̀kan tó mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan tó mọ ìṣirò. Bí ará kan bá dé ọsibítù, kí àwọn méjì yìí lọ ka bíìlì náà pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ kí a tó gbé àpótí owó yíká. Owó tí a bá dá, kí ó wọ inú àkáǹtì ọsibítù, kí rìsíìtì rẹ̀ wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi owó tíátà lé òun lọ́wọ́ ní kọ́ridọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ sọ́dọ̀ akápò.

Kí n tó jókòó, ọ̀rọ̀ ìwé kù. Ní nǹkan bí 1956 ni dókítà kan, David Morley, dé sí Wesley Guild ní Iléṣà. Iṣẹ́ tó ṣe lórí àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Nínú ohun tó ṣe, ó fi káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí lé ìyá ọmọ lọ́wọ́, kí ó máa gbé e lọ sílé. Àwọn kan rò pé àwọn ìyá yóò sọ ọ́ nù. Wọn kò sọ ọ́ nù. Ìyá yín tàbí ìyá ìyá yín wà lára wọn. Nítorí náà, ẹ má fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ nínú fáìlì ọsibítù. Ẹ tọ́jú X-ray méjèèjì, èyí tí wọ́n yà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tọ́jú bíìlì, rìsíìtì, àti ìwé tí dókítà kọ nígbà tí ẹ ń lọ ilé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ irin náà, gígùn rẹ̀ àti bí ó ṣe nípọn tó síbẹ̀. Bí irin náà bá ń dá a lóró lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n sì fẹ́ yọ ọ́, dókítà tí ẹ ó bá lè jẹ́ ẹlòmíràn, ní ìlú mìíràn, ohun tí yóò sì kọ́kọ́ bèèrè ni irú irin tó wà nínú ẹsẹ̀ náà, kí ó lè mọ irinṣẹ́ tí yóò fi fà á jáde.